Ẹ̀gbọ́n Tó Wà Lókè Àjà

Ìyá Oníná ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, torí iṣẹ́ iná ló ń ṣe jẹun. Lọ́jọ́ yẹn, ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wà. Ọkọ àbúrò náà, awakọ̀ tírélà tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí ẹ̀ṣẹ́, ló fi ìbínú fa gílóòbù yàrá já, tí wáyà fi já mọ́ inú àjà.

Ìyá Oníná pa súìsì ńlá, ó gun òkè àjà, ó dojú bolẹ̀ láàárín igi òrùlé. Wáyà tó ṣẹ́kù kò gùn ju ìka lọ. Àpótí tó máa wọ̀ kò sì tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ó bó imú wáyà àkọ́kọ́ àti ti èyí tó fẹ́ so mọ́ ọn, ó yí wọn pọ̀, ó kì wọ́n sínú òrùka bàbà kékeré, ó fi pláyà tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di pinpin. Ó fà á wò. Kò mira. Ó wé tépù mọ́ ọn, ó ká a sínú àpótí. Ó wá di wáyà kejì mú.

Gbàà! Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ṣí.

"Ta ló ní kó o pe èèyàn wá tú ilé mi?" Ọkọ ti dé. Ìgbátí dún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan súìsì! Ẹ̀gbọ́n mi wà lókè!"

"Kó máa jó níbẹ̀!"

Ó tan án.

Iná gbá Ìyá Oníná lápá, ó jù ú sẹ́yìn, pákó àjà fọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ká ní wáyà àkọ́kọ́ náà ṣí sílẹ̀ ni, òkú rẹ̀ ni wọn ì bá gbé. Ó já bọ́ sórí tábìlì, ó yí ṣubú sílẹ̀, ìka rẹ̀ méjì ti dúdú. Ọkùnrin náà fi bàtà gbá a níhà, ó fún un lọ́rùn.

"Ìwọ lo ń kọ́ ìyàwó mi ní àgídí!"

Ojú obìnrin náà ti ń ṣú. Ó fọwọ́ tá ilẹ̀ títí ó fi kan pláyà tó bá a já bọ́, ó fi gbá etí ọkùnrin náà mú, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ọkùnrin náà ké, síbẹ̀ kò tú ọwọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ni àbúrò bá gbé àga onírin, ó là á mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọkùnrin ṣubú. Àbúrò ò dúró, ó ṣì ń là á.

"Ó tó!" Ìyá Oníná pariwo. "Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n pa á!"

Àwọn ará ilé ló gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá wá gbé ọkùnrin náà, apá kan ti ṣẹ́, etí ti fàya.

Ilé ẹ̀gbọ́n ni àbúrò kó ẹrù lọ. Ó ń di aṣọ mọ́ ìka tó jó.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n o mọ èèyàn nà báyìí, o wá ń jìyà láti ọjọ́ yìí?"

Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún.