Àgbọ̀n Eléyín-Ọ̀bẹ

Abẹ́rẹ́ mi wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Egungun tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ayébáyé kì í gba abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti di òkúta, ńṣe ni abẹ́rẹ́ máa ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé orí àwo ló wà. Ṣùgbọ́n ibí yìí rọ̀. Mo fà á yọ, mo sì rí ìyẹ̀fun funfun lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù, ó sì ti rẹ̀ mí bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta láìsùn.

Yàrá ẹ̀yìn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni a ti ń ṣiṣẹ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Àwọn àlejò kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Iwájú ni wọ́n ń wò, níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ tí ilẹ̀ sì ń dán. Tiwa ni tábìlì gígùn kan, fèrèsé méjì tí ọ̀kan kì í ṣí, àti dúrọ́ọ̀ tí wọ́n tò láti ilẹ̀ títí kan àjà. Iṣẹ́ wa ni ká fọ egungun tí wọ́n bá wú nínú ilẹ̀, ká to èyí tó fọ́ pọ̀, ká sì tọ́jú rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń ṣe é. Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí tó bá lẹ egungun méjì pọ̀, ojú ò ní rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Yóò po símẹ́ńtì funfun, yóò fi dí àlàfo, yóò fi omi tíì pa á láró kó lè pọ́n bí egungun tòótọ́, lẹ́yìn náà ni yóò mú búrọ́ọ̀ṣì kan tí irun rẹ̀ ò ju márùn-ún lọ, yóò fi fa ìlà tíntìntín lé e. Ọdún mẹ́fà ni èmi ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ rẹ̀. Bàbá ni mò ń pè é. Òun ló tọ́ mi dàgbà.

Egungun tó wà níwájú mi ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹran ńlá kan, ara ìdílé ológbò, tó ti parẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìwé kọ. Ẹ̀gbọ́n Ológbò ni aṣọ́nà wa máa ń pè é. Ó ní bí ọ̀kan bá ṣì kù láyé, kí wọ́n wá ẹlòmíì tí yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Nítorí àgbọ̀n yìí ni Dókítà ṣe rin ìrìn-àjò wá sọ́dọ̀ wa.

Dókítà kì í ṣe oníṣègùn. Ìdílé àwọn ẹran tó ti kú ló ń wádìí: ta ló bí ta, ta ló bá ta tan. Obìnrin tó ń lọ sí àádọ́ta ọdún ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò jẹun, irin ìwọn kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó ya igi ìdílé wọn fún mi sí ẹ̀yìn ìwé kan. Ó ní kìnnìún àti ẹkùn, ọmọ ìyá ni wọ́n, kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n pín yà. Ológbò ilé jẹ́ ọmọ ìbátan wọn, tó ga mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n òmíràn wà, Eléyín-Ọ̀bẹ, tí eyín òkè rẹ̀ méjì gùn wálẹ̀ bí ọ̀bẹ. Àwọn ọ̀mọ̀wé yòókù gbà pé agboolé ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀: ó ti kó jáde tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí baba ńlá kìnnìún, ó bí ọmọ, ó ní ọmọ-ọmọ, gbogbo wọn sì kú tán pátápátá.

Dókítà ò gbà bẹ́ẹ̀. Àgbọ̀n wa ni ẹ̀rí rẹ̀. Iwájú rẹ̀ jẹ́ ti Eléyín-Ọ̀bẹ, ó dúró gangan bí ògiri, eyín ṣóńṣó ìsàlẹ̀ sì kéré, nítorí ti òkè ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti kìnnìún, eyín tí wọ́n fi ń gé ẹran níbẹ̀ kúrú, ó sì nípọn. Tí àwọn méjèèjì bá wà lẹ́nu ẹran kan ṣoṣo, a jẹ́ pé ẹran yẹn ni ìyá tí gbogbo ayé ń wá, tó so ilé méjèèjì pọ̀. Ọdún mẹ́rin ló ti fi kọ ìwé lé e lórí. Ọjọ́ Ẹtì ni yóò ya àwòrán tó kẹ́yìn, tí yóò sì máa lọ sílé.

Ó ti sọ fún ọ̀gá wa pé ẹran tuntun ni, tí kò tíì lórúkọ, orúkọ Bàbá lòun yóò sì sọ ọ́, torí láìsí ọwọ́ rẹ̀, èérún lásán ni àgbọ̀n náà ì bá jẹ́. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́sàn-án ló kù kí Bàbá fẹ̀yìn tì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un ló ti ń fá irùngbọ̀n láràárọ̀, mo sì ti bá a níbi tó ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, tó ń pe orúkọ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ọjọ́rú lọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Dókítà kàn ní kí n yọ eruku tó dí ihò kékeré kan lábẹ́ eyín ni. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀ nígbà tí mo rí funfun. N kò dúró. Mo fa iná súnmọ́ ọn, mo ń fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tọ ipa símẹ́ńtì náà lọ. Ó lọ yíká. Ó fẹ̀ tó ìka méjì. Egungun iwájú àti ti ẹ̀yìn kò fara kan ara wọn níbì kankan. Nínú àgbọ̀n gbogbo ẹran, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ bá eyín. Lápá ẹ̀yìn, ihò náà wà nísàlẹ̀, ìka mi kékeré lè wọ ibẹ̀ dé èékánná. Lápá iwájú, ó ti gun òkè, kò sì tó ìdajì ti ẹ̀yìn. Ẹran méjì ló wà lọ́wọ́ mi.

Símẹ́ńtì ò jìnnà sí mi. Omi tíì àná ṣì wà nínú ife. Kò ní gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mo sì kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Mo tilẹ̀ na ọwọ́ sí ife náà. Mo ń rò ó bí Dókítà ṣe máa dúró níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀, tí yóò na ìka sí símẹ́ńtì pé ìyá kìnnìún nìyí. Mo sì rántí Bàbá. Mo dá ọwọ́ mi padà, mo sì jókòó síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan.

Bàbá ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá dé ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá. N kò mọ bí ènìyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo kàn rọra ti àgbọ̀n náà sọ́dọ̀ rẹ̀, mo yí iná sí i. Ó wò ó pẹ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀wù nù ún, ó tún wò ó.

“Ta ló ní kó o débẹ̀?”

“Dókítà ni, Bàbá. Eruku ni wọ́n ní kí n yọ.”

“Eruku.” Ó fi imú rẹ́rìn-ín. “O mà gbọ́ràn o.”

Lẹ́yìn náà ló wá ń sọ ọ́ fún mi, ojú rẹ̀ ò kúrò lára egungun náà. Ó ní ó ti tó ọdún méjìlélógún. Òjò kan rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, òrùlé jò, nígbà tí wọ́n fi máa ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, páálí tí wọ́n fi ṣe tíréè ti rà, egungun tíréè òkè ti já lu ti ìsàlẹ̀, yíǹkì orí ìwé àkọlé sì ti ṣàn lọ. Òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó tò wọ́n padà bó ṣe rántí wọn, ó ń wo àwọ̀, ó ń wo ìwọ̀n. Apá méjì àgbọ̀n yìí pọ́n bákan náà. Egungun tó bá jẹ́ ti ara wọn, ó ní, ọwọ́ máa ń gbọ́ ọ, wọ́n á di ara wọn mú gbọingbọin. Àwọn wọ̀nyí kò dì. Ó ní òun rò pé bóyá ẹyọ kan ti sọnù láàárín ni, ló bá fi símẹ́ńtì dí i. Ọ̀gá ìgbà náà wọlé, ó pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti ń kí i kú iṣẹ́ kí símẹ́ńtì tó gbẹ.

Mo bi í bóyá ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí.

“Mi ò mọ̀,” ló wí. “Mi ò wádìí kí n má baà mọ̀.”

A jókòó. Ẹnì kan ń fa àga lọ ní yàrá òkè. Ó ní ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, tóun bá ti lọ tán, kí n ṣí i, kí n ní èmi ni mo rí i, wọn yóò sì gbóríyìn fún mi. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bi mí léèrè. Mo fẹ́ sọ pé ó dáa. Ó wù mí gan-an láti sọ pé ó dáa.

“Ọjọ́ Ẹtì ni Dókítà ń lọ, Bàbá,” ni mo wí. “Ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì fi kọ ọ́.”

Bàbá dìde, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àárín ìka kọ̀ọ̀kan. Ó nù ún. Ó ní kí n lọ pe Dókítà wá, kí n má sì bá a sọ nǹkan kan lọ́nà. Ẹnu òun ló yẹ kó ti gbọ́ ọ.

Dókítà ò pariwo. Nígbà tí Bàbá sọ ọ́ tán, ó bèèrè bóyá ó dá a lójú, Bàbá ní kó jókòó kó máa wò. Láti ọ̀sán títí di agogo mẹ́rin la fi tú àgbọ̀n náà. A óò fi òwú rẹ sípíríìtì, a óò fi wé ibi tí gọ́ọ̀mù ti di símẹ́ńtì mú mọ́ egungun, a óò dúró, a óò tú òwú náà, Bàbá yóò fi ọ̀bẹ kékeré họ ọ́ díẹ̀, a óò tún wé e. Mo bá a di egungun mú, n kò sì wo ojú rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, Dókítà ń sọ oríṣiríṣi: bóyá ẹran kan náà ni síbẹ̀, bóyá àìsàn ló yí ihò ẹ̀jẹ̀ náà padà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa rẹ òwú. Lẹ́yìn tí a wé òwú nígbà kẹfà, ó fọwọ́ lérán.

“Bàbá, ẹ ò wá lè ṣe iṣẹ́ jákujàku díẹ̀ nígbà náà, kí n lè tètè rí i?”

“Ẹ máà bínú, Dókítà. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe.”

Ó rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí agara ti dá. Kò pẹ́ sígbà náà ni símẹ́ńtì là, apá méjèèjì sì bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Dókítà gbé apá ẹ̀yìn. Ó ní kí n fa dúrọ́ọ̀ àwọn kìnnìún, ó gbé àgbọ̀n kìnnìún kan lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wọn ọ̀kan, ó wọn èkejì. Ti àtijọ́ tóbi jù, ṣùgbọ́n kìnnìún ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó yani lẹ́nu. Ó gbé apá iwájú. Ìyẹn, kò tilẹ̀ wọ̀n ọ́n. Eléyín-Ọ̀bẹ ni, irú èyí tí wọ́n ti rí tí wọ́n sì ti sọ lórúkọ tipẹ́. Ó gbé wọn kalẹ̀, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, ó fi irin ìwọn rẹ̀ sáàárín.

“Kò sí ìyá kankan,” ló wí. “Ilé ọ̀tọ̀ ni lóòótọ́. Wọ́n kú tán.”

Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó gbé orí lé e. Ó pẹ́ kó tó gbórí sókè. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó ní tó bá jẹ́ pé òun ti tẹ ìwé náà jáde ni, òun ì bá má lè wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa orúkọ náà. Bàbá ní kó fi í sílẹ̀, ó sì sìn ín dé ẹnu ilẹ̀kùn. Dókítà ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ. Ó gbàgbé irin ìwọn rẹ̀ sórí tábìlì.

Mo rò pé Bàbá yóò mú fìlà rẹ̀ kí a máa lọ sílé. Agogo márùn-ún ti kọjá. Ṣùgbọ́n ó dúró lábẹ́ dúrọ́ọ̀ òkè, ó ń ka tíréè ibẹ̀ lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́.

“Gbé àkàbà wá.”

Mo bi í kí ló fẹ́ mú.

“Tíréè méjìlá ni òjò yẹn bà jẹ́,” ló wí. “A ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ọ̀kan ni. Gbogbo yòókù, èmi náà ni mo tò ó.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ó ní ọ̀la ni iṣẹ́, àmọ́ kí n gbé ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì lónìí, kóun má baà dé láàárọ̀ kóun rí nǹkan míì ṣe. Mo bá gun àkàbà náà. Tíréè náà wúwo, eruku sì kún orí rẹ̀. Bàbá ń di ẹsẹ̀ àkàbà mú nísàlẹ̀ kí n má baà ṣubú, ó sì ń ka iye tó ṣì kù sí mi létí.