Òdòdó Tó Dorí Kodò

"Kò sí irú rẹ̀ mọ́." Ìyá tó ń ta táìsì yí àfọ́kù náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì fi àtàǹpàkò nu eruku ojú rẹ̀. "Wò ó, àǹtí, ìgbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti ń ta èyí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é gan-an ti kógbá sílé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó lè ku páálí kan tí ẹ ti gbàgbé síbẹ̀."

"Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wo? Mo mọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ju ẹ̀yìn ọkọ mi lọ." Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú oníbàárà rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín mì. "Kí ló dé gan-an? Táìsì là ń wí yìí o, kì í ṣe ọmọ ló sọnù."

Àbígbẹ̀yìn kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ará ilé ṣe ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń pè ní ìyá ọmọ. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ wà ní ọsíbítù, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ẹsẹ̀, ni Àbígbẹ̀yìn ní kí wọ́n fọ́ táìsì àtijọ́ tó wà lára ògiri ẹ̀yìn sítóòfù, kí ilé ìdáná lè ti di tuntun kí Màmá tó dé. Bàbá wọn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ táìsì yẹn nígbà ayé rẹ̀, òun tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́. Níbi tí páìpù gáàsì ti gba ara ògiri kọjá, ó ṣèèṣì gé ihò sí etí tí kò yẹ lára táìsì kan, kò sì sí òmíràn tó lè fi rọ́pò rẹ̀. Ó wá yí táìsì náà po kí ihò lè bọ́ sí ojú páìpù; báyìí ni òdòdó búlúù ojú rẹ̀ ṣe dorí kodò. Ojoojúmọ́ ni Màmá máa ń ráhùn sí i: "Gbogbo òdòdó ń wo òkè, ọ̀kan ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó jalè." Ìráhùn yẹn ni Àbígbẹ̀yìn gbọ́ dàgbà. Ó rò pé inú Màmá yóò dùn tí òdòdó náà bá lọ.

Ìgbàgbé ti ń yọ́ wọ ara Màmá tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ilé rẹ̀. Ọjọ́ tó ti ọsíbítù dé, ilé ìdáná ló kọ́kọ́ fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ògiri sìmẹ́ńtì gbalasa náà, ó sì yíjú padà. "Ẹ má bínú o," ló wí fún ọmọ tó bí. "Mo ṣìlé wọ̀ ni."

Láti ọjọ́ náà, orí àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí, ó wé gèlè, ó gbé báàgì lé itan, ó ń retí ẹni tí yóò mú un lọ sílé. Oúnjẹ kò kan ẹnu rẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbé e wá, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Ẹ ṣeun o. Mo ti jẹun nílé kí n tó máa bọ̀."

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni.

"Ṣé ó ti jẹun?"

"Ó mu omi."

"Omi kì í ṣe oúnjẹ. Tí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́ tí kò jẹun, mo ń bọ̀ wá gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Wọ́n máa ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú láti fún un lóúnjẹ níbẹ̀."

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá gbé e kúrò nílé yìí, kò ní mọ ibì kankan mọ́ láyé."

"Ta ló fọ́ ògiri?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa fóònù. Àbígbẹ̀yìn ki tirẹ̀ bọ báàgì.

Ìyá onítáìsì ti to oríṣiríṣi kalẹ̀: funfun tó ń dán, aláwọ̀ eérú, èyí tí wọ́n ya èso sí. Àbígbẹ̀yìn ń gbé àfọ́kù rẹ̀ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dúró lórí èyí tó ní ilà búlúù tín-ín-rín. Ó jọ ti àtijọ́ bí àwọn ọmọ ìyá tí kì í kí ara wọn ṣe ń jọra.

"Ẹni tó bá wò ó lókèèrè kò ní mọ ìyàtọ̀," ni ìyá náà wí.

"Ìyá mi kì í wo nǹkan lókèèrè, mà. Ẹ yá mi ní ẹyọ kan kí n fi hàn án."

Nígbà tó délé, ó kúnlẹ̀ síwájú Màmá, ó gbé táìsì náà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Màmá, ẹ wo èyí. Ṣé kí a lẹ̀ ẹ́ sí ilé ìdáná?"

Màmá fi ìka tọ ojú ilà náà. "Ó dára gan-an ni. Ilé yín á rẹwà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ lò ó pẹ́."

Ẹ̀rù ba Àbígbẹ̀yìn. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, kò gbọ́ kí Màmá yin ohun kan nínú ilé yìí rí. Kọ́tìnì kò gùn tó, àga ń dún jù, ìkòkò ò mọ́, ẹni tó gbálẹ̀ ò gbá kọ̀rọ̀. Ilé onílé nìkan ni Màmá ti máa ń yin nǹkan.

Ó dìde, ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé. Bàbá tó ń lẹ táìsì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Farabalẹ̀, ń po sìmẹ́ńtì níbẹ̀.

"Ibo lẹ da àwọn táìsì àtijọ́ sí?"

"Ìdọ̀tí yẹn? Mo ti fi dí kòtò ẹnu géètì. Ẹ ò rí i pé mọ́tò kì í jìn síbẹ̀ mọ́?"

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Àbígbẹ̀yìn fi gbé ọkọ́, tó kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú ilẹ̀. Nígbà tí ọkọ́ kò ṣe dáadáa mọ́, ó fi ọwọ́ wú u. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní ìka rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ fara balẹ̀."

"Ẹ má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀ lónìí!"

Bàbá náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà, òun náà kúnlẹ̀.

Wọ́n fọ àwọn àfọ́kù náà nínú ọpọ́n, wọ́n sì ń fi wọ́n wé ara wọn. Púpọ̀ ti rún kọjá àtúnṣe, ṣùgbọ́n èyí tó kù tó ìlà kan lẹ́yìn sítóòfù. Èyí tó ní ihò páìpù ti fọ́ sí mẹ́ta.

"Kí n gé ihò tuntun," ni Farabalẹ̀ wí, "kí òdòdó yìí lè wo òkè bí àwọn yòókù."

"Rárá o. Ẹ jẹ́ kó dorí kodò."

"Háà! Tí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, ẹ ní ẹ̀yin lẹ lẹ̀ ẹ́. Mo ní ọmọ tí mò ń tọ́."

Sìmẹ́ńtì ò tíì gbẹ tí wọ́n gbọ́ ọ̀pá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó yọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí, ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn àlejò. Àbígbẹ̀yìn kò gbójú sókè. Ó ń wo ọ̀pá náà bó ṣe ń bọ̀, títí tó fi dúró níwájú ògiri.

Màmá pòṣé.

"Ọkùnrin yìí! Mo sọ ọ́ títí, kò gbọ́. Gbogbo òdòdó ń wo òkè, ọ̀kan ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó jalè." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àbígbẹ̀yìn, ìwọ náà ń wò ó níran! Kí lo fi ẹrẹ̀ kun ara bẹ́ẹ̀ sí? Tí bàbá rẹ bá dé, sọ fún un pé kó tún un lẹ̀."

Farabalẹ̀ tẹjú mọ́lẹ̀. Ó wà lára àwọn tó gbé pósí bàbá Àbígbẹ̀yìn.

"Màá sọ fún un, Màmá."

Màmá fi báàgì rẹ̀ kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tó máa ń kọ́ ọ sí tẹ́lẹ̀, ó sì fa àga. "Ṣé wọn ò se nǹkan kan nílé yìí ni?"

Fóònù tún ń dún, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lójú rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn jẹ́ kó dún tán. Ó gbé ìrẹsì kaná; nígbà tó jinná, ó fi ẹyọ táìsì tuntun náà sórí tábìlì, ó gbé ìkòkò gbígbóná lé e. Màmá bu ṣíbí kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ìkòkò.

"Ta ló ra táìsì burúkú yìí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Kò dára. Dá a padà fún wọn."

"Màá dá a padà lọ́la."