Ike Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Bàbá

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa. Ẹ̀rọ tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tèmi wà nítòsí ilẹ̀kùn, a sì ti jọ wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá. Aláwọ̀ ni àwọn oníbàárà ń pè é. Bí ẹ bá gbé aṣọ wá tí ẹ ń wá òwú tó bá a mu, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò wo aṣọ náà, á na ọwọ́, á sì mú òwú náà láàárín ọgọ́rùn-ún. Ohun kan tí kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá ni bàbá tó bí i.

Lọ́jọ́ kan, Àǹtí Kékeré, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń tọ́jú bàbá náà nílé, pè é lórí fóònù. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

"Bàbá rẹ ti ń gbàgbé nǹkan. Lánàá wọ́n gbé omi kaná, wọ́n ní àwọn ń se ẹyin. Kò sí ẹyin kankan nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dárúkọ rẹ. Wá wò wọ́n."

"Mò ń bọ̀, mà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, kò sì rán nǹkan kan mọ́ títí a fi palẹ̀ mọ́. Ọjọ́ náà ló tó sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fún mi.

Awọnlẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Fáàrí kan ṣoṣo tó ṣe láyé rẹ̀ ni ọkọ̀ olówó ńlá kan tó rà. Bí ó bá ti tẹ bọ́tìnnì, òrùlé ọkọ̀ náà á ká ara rẹ̀ bí ẹní, á wọ ẹ̀yìn lọ, oòrùn á sì bọ́ sórí ìjókòó tí wọ́n fi awọ bò. Lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ nìkan ló ń gùn ún. Inú ọkọ̀ yẹn ni Aláwọ̀ wà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, nígbà tó sọ pé òun fẹ́ fi yunifásítì sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ.

"Aṣọ?" ni bàbá wí. "Gbogbo ilẹ̀ tí mo fẹsẹ̀ wọ̀n yìí, ìdí abẹ́rẹ́ ló máa parí sí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ọmọ fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn, ike tó bo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà láti inú sì là sí méjì. Bàbá dá ọkọ̀ dúró. Kò bú u, ike ló kàn ń wò.

"Ọkọ̀ yín lẹ ń wò," ni ọmọ wí. "Ẹ máa wò ó lọ."

Ó bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn délé, ó di ẹrù rẹ̀. Láti ìgbà náà, fún ọdún mọ́kànlélógún gbáko, kò sí nǹkan kan láàárín wọn ju pé kí wọ́n kíra kú ọdún tuntun lórí fóònù.

"Mi ò lè lọ bẹ́ẹ̀," ó wí fún mi. "Mo fẹ́ wá irú ike yẹn lọ. Tí mo bá fi ọwọ́ ara mi gbé e sí i, àlàyé mi ò ní pọ̀."

Èmi tí mo pe ara mi ní ọ̀rẹ́, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, mo ní kó má lọ lọ́wọ́ òfo. Ì bá sàn kí n ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ike. Ọkọ̀ náà ti dàgbà débi pé kò sẹ́ni tó ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ tuntun mọ́. Ó ń pe àwọn tó ń ta àlòkù ní àwọn ìlú tó jìnnà. Ọ̀kan dá a lóhùn pé, "Màdáámù, ọkọ̀ yín ti tó fẹ̀yìntì o, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi." Òmíràn fi ike ránṣẹ́, ti ọ̀tún la fẹ́, ti òsì ló dé. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ọ̀tún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé ti tiwa ni, ihò rẹ̀ sì fi ìka méjì yẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀kan dé tó bá gbogbo rẹ̀ mu, àfi àwọ̀ nìkan. Ó gbé e síwájú fèrèsé, ó ń yí i síhìn-ín, ó ń yí i sọ́hùn-ún.

"Àwọ̀ tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí ni tiwa. Èyí ti pọ́n jù."

"Bàbá arúgbó wo ló máa rí ìyẹn?" mo bi í.

"Èmi máa rí i."

Àǹtí Kékeré ló ń bá wa wọn ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, tó ń ya fọ́tò ránṣẹ́, tó sì ń bínú. "Ta ló bèèrè ike lọ́wọ́ rẹ? Ìwọ ni wọ́n ń bèèrè. Ìyá wa ni wọ́n ń pè mí báyìí."

"Ó ku díẹ̀, mà."

Oṣù mẹ́jọ ló fi sọ pé ó ku díẹ̀.

Ibì kan wà tí kò pè rárá, ọgbà kan tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀, tí kò jìnnà sílé bàbá rẹ̀. Ó ní wọ́n mọ bàbá òun níbẹ̀, ojú ń ti òun. Nígbà tí gbogbo ibi tó kù tán, ó ní kí n sin òun lọ.

Ọkọ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn kún ibẹ̀, ilẹ̀kùn tí kò ní ọkọ̀ náà sì kún ibẹ̀. Bàbá kúkúrú kan tó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn ló ni ín. Dókítà Òkú ni gbogbo ayé ń pè é, torí pé ọkọ̀ tó bá ti kú tán ni wọ́n ń gbé tọ̀ ọ́ wá. Aláwọ̀ fi fọ́tò hàn án. Ó wo fọ́tò, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo fọ́tò.

"Ìwọ lo fọ́ ọ?"

Aláwọ̀ ní òun ni. Bàbá náà wọlé, ó sì gbé nǹkan kan jáde tí wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì wé. Ike náà ni, ti ọ̀tún, odidi, àwọ̀ tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí.

"Ọdún kẹrìndínlógún rèé tó ti wà lọ́dọ̀ mi," ó wí. "Bàbá rẹ ni mo kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Wọ́n wá, wọ́n gbé e wò, wọ́n ní kí n gbé e padà. Wọ́n ní, 'Má tà á fún ẹnikẹ́ni, má sì tà á fún mi. Ọmọ mi ló fọ́ ọ. Yóò wá a wá.' Ọdọọdún ni wọ́n ń wá wò ó bí ẹni wá kí aláìsàn. Wọ́n á nu eruku ara rẹ̀, wọ́n á ní, 'Kò tíì wá?' Màá ní, 'Kò tíì wá, sà.' Ọdún kejì rèé tí mi ò rí wọn. Mo rò pé wọ́n ti kú ni."

Aláwọ̀ jókòó sórí táyà kan. Kò sunkún. "Oṣù mẹ́jọ," ló ń wí. "Oṣù mẹ́jọ."

A lọ tààrà sílé. Bàbá jókòó sí fàráńdà nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ọkọ̀ wà lábẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. A kí i, ó mi orí. Aláwọ̀ gba ṣíbí lọ́wọ́ Àǹtí Kékeré, ó fi ìdí rẹ̀ yọ ike tó fọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ èyí tó dé wọ àyè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá dìde wá, ó dúró tì í. Ó na ọwọ́, ó fi pa ike náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Ẹ ṣeun o, màdáámù," ó wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ yín mọ́."

Ọmọ tó bí ló ń pè ní ẹ̀yin. Mo yíjú sí ògiri.

"Bàbá, èmi ni. Èmi ni mo fọ́ ọ. Ẹ má bínú sí mi."

Ó wò ó, ó ṣàánú rẹ̀ bí ẹni rí àlejò tó ṣìnà. "Rárá o, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọmọ mi ló fọ́ ọ. Ọmọ dáadáa ni. Èmi ni mo fi í ṣẹ̀sín. Ẹ má sunkún mọ́."

Gbogbo Sátidé ló ń lọ síbẹ̀ báyìí, èmi ni mò ń bá a dáhùn sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ń gé èékánná bàbá, ó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, kí Àǹtí Kékeré lè rí oorun sùn díẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, bàbá bi í bóyá òbí rẹ̀ ṣì wà láyé.

"Mo ní bàbá, sà."

"Ẹ máa lọ kí wọn o," ni bàbá wí. "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Aláwọ̀ ní òun ti gbọ́.