Ìjì Oòrùn Nínú Yàrá Onígi

Ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá onígi wa, a ó kọ́kọ́ tu ú bí adìyẹ: kọ́kọ́rọ́, aago ọwọ́, bẹ́líìtì, títí dé orí kọ́mú tó bá ní ìkọ́ irin. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ló ń tuni, inú abọ́ rẹ̀ ló sì ń kó gbogbo ẹ̀ sí. Ọ̀gá wa ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin náà sókè ògiri: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ MÚ IRIN WỌLÉ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Aláìnírin.

Òfin náà nídìí. Ẹ̀rọ tí mo fi ọdún mẹ́fà kàn ló wà nínú yàrá yẹn, sátẹ́láìtì ló máa gbé e lọ sójú òfúrufú. Iná mànàmáná ń ṣàn lọ́hùn-ún bí odò, láìsí wáyà, láti ara oòrùn wá. Ibi tó bá sì gbà kọjá, agbára òòfà a yí i ká. Agbára yẹn kéré jọjọ. Òun ni ẹ̀rọ mi ń gbọ́. Ẹni tó bá sì ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ èèrà, ikọ́ ẹnìkan á fọ́ ọ létí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀sán gangan làwọn adẹrù máa dé wá gbé ẹ̀rọ náà lọ. Kó tó dìgbà náà, ìlà tí ẹ̀rọ mi ń fà lórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ bá ti ibùdó kejì, tó wà lórí òkè, mu fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí oòrùn kan náà là ń gbọ́. Bí kò bá mu, wọ́n á fi kùkùté bàbà tó wúwo bíi tiẹ̀ rọ́pò ẹ̀ nínú sátẹ́láìtì, ọdún mẹ́fà mi á sì wọgbó.

Ọ̀gá wọlé lọ wo ẹ̀rọ. Ìlà fò sókè bí ẹja inú àwọ̀n.

"Ó fò, sà!" mo ké láti ìta.

"Ìjì oòrùn ni! Kọ ọ́ sílẹ̀!"

Ó jáde, ìlà sùn. Ó wọlé, ìlà jí. Mo tẹ ibùdó kejì láago. Wọ́n ní tiwọn ń sùn fọnfọn.

"Àwọn gan-an ló ń sùn," ni Ọ̀gá wí.

Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà mirí. "Oòrùn yìí mà níwà o. Bí Ọ̀gá bá ti wọlé ló ń bínú. Àbí àna wọn ni?"

"Ìyá, ṣé ẹ tu Ọ̀gá náà ṣá?" mo bi í.

"Èmi? Ẹni tó kọ òfin ni kí n wá tu níyẹ̀ẹ́?"

Ó ku ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, sà. Ṣé kò sí nǹkankan lára yín?"

"Lára ta ni? Èmi Aláìnírin?" Ó wò mí títí, ó wo aago ògiri, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Kì í ṣe irin. Òòfà ni."

Àṣé ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Ìyàwó rẹ̀ ra ìgbànú kan tí wọ́n ní ó ń wo ẹ̀yìn dídùn, tí wọ́n rán òòfà mẹ́rìndínlógún sínú ẹ̀, ó dì í mọ́ ọn nídìí lábẹ́ ẹ̀wù.

"Irin lòfin sọ," ó ní. "Kò dárúkọ òòfà."

Òwe kan nípa ṣòkòtò wá sí mi lẹ́nu. Ọ̀gá mi ni; mo gbé e mì.

Ó tú ìgbànú. Kó tó balẹ̀ sínú abọ́, kọ́kọ́rọ́, aago àti kọ́mú mi ti fò mọ́ ọn bí ọmọ tó rí ìyá ẹ̀.

"Ẹ wá wo ìjì o!" Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà pariwo, ó gbé abọ́ sá lọ sí ìta gbangba.

Ìlà dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀gá ni kò lè dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká bí ìwọ̀ ẹja. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìlà tún mì, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí.

"Ìyá, kí ló tún kù lára mi?" Ọ̀gá bèèrè.

"Ẹ̀yìn dídùn nìkan, sà."

Aago dún. Ibùdó kejì ni: tiwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mì, bákan náà gẹ́lẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, oòrùn ló sọ̀rọ̀ lóòótọ́.

Àwọn adẹrù kanlẹ̀kùn. Ọ̀gá fọwọ́ síwèé lórí tábìlì kúkurú, kò tiẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀.

"Kí o tó bá wọn lọ," ó ní, ojú rẹ̀ ń wolẹ̀, "bá mi fi òòfà kún òfin ara ògiri yẹn. Ọwọ́ mi ò tó o mọ́."