Ẹyin Ara Àfọ́kù Táìlì

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan gíláàsì yẹn."

Ọwọ́ Màmá dúró lófuurufú, tòun ti àkísà tó fẹ́ fi nu àpótí gíláàsì tí ẹja wà nínú rẹ̀. Ó wo Bọ́lánlé, ìyàwó ọmọ rẹ̀, láti òkè délẹ̀.

"N kò gbọdọ̀ nu eruku nínú ulé ọmọ mi mọ́?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Mà. Ìjẹta ni àwọn ẹja yìí yé ẹyin. Bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, wọn á jẹ ẹ́."

"Bí wọ́n ti jẹ ti ìkíní, tí wọ́n jẹ ti ìkejì, tí wọ́n jẹ ti ìkẹta." Màmá rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Ẹ tún ń pè é ní ẹja áńgẹ́lì. Áńgẹ́lì wo ló ń jẹ ọmọ ara rẹ̀?"

Ọdún kẹrin rè é tí Bọ́lánlé ti wọlé ọkọ ní Ìkẹ́rẹ́, aṣọ ọmọ kankan kò tíì gbẹ lórí okùn ilé wọn. Láti ọjọ́ tí Màmá ti dé láti Ògòtún ló ti ń sọ pé ẹja tó ń jẹ ọmọ kò yẹ nílé ẹni tó ń wá ọmọ. Ajíbọ́lá, ọkọ Bọ́lánlé, gbèjà rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Àná ló wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Bí wọ́n bá jẹ eléyìí náà, ká kó wọn fún ẹlòmíràn, kí ilé lè tòrò."

Aago mẹ́rin ti kọjá. Ní aago márùn-ún, ìpàdé àdúrà tó ń lọ láti ilé dé ilé yóò kan pálọ̀ wọn: ogún ènìyàn, àtẹ́wọ́, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ariwo irú rẹ̀ ló ba ẹyin ti ìkẹta jẹ́.

Bọ́lánlé lóṣòó síwájú àpótí náà. Lára àfọ́kù táìlì tó gbé sínú omi fún wọn láti yé sí, àwọn ẹyin tò bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, ìrù tín-ín-rín sì ti ń mì nínú díẹ̀ lára wọn. Ẹja kan, pẹlẹbẹ bí ewé, ń fi lẹbẹ rẹ̀ fẹ́ omi sí wọn láìsinmi.

Màmá bẹ̀rẹ̀ tì í. "Ìyá wọn nìyẹn?"

"Bàbá ni, Mà. Òun àti ìyá wọn máa ń gbà á fún ara wọn."

Ẹja náà na ẹnu, ó ṣa ẹyin funfun kan jẹ.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," ni Màmá wí.

"Rárá, Mà. Èyí tó ti kú ló mú. Bó bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, yóò ba àwọn alààyè jẹ́."

Màmá sún mọ́ gíláàsì náà. Ọmọ méjì ló sin kó tó bí Ajíbọ́lá. Kì í dárúkọ wọn.

Wọ́n kanlẹ̀kùn. Sístà Elizabeth, tó ń darí orin, wọlé pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ abíyá. "Ẹ kú ilé o. Ṣé ká ti máa to àga?"

Bọ́lánlé mọ̀ pé kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ ni yóò ti gbọ́ ohun tí òun fẹ́ sọ.

"Abẹ́ máńgòrò la ó ti ṣe é lónìí, Sístà."

"Kí ló ṣe pálọ̀?"

"Ẹyin àwọn ẹja mi fẹ́ pa. Wọn kò fẹ́ ariwo."

Elizabeth wò ó, ó wo àpótí náà. "Ẹja ni yóò lé àwa ọmọ Ọlọ́run síta?" Ó yíjú sí Màmá, bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́ àgbà.

Màmá ju àkísà sílẹ̀. Ó di etí àga gígùn mú.

"Bá mi gba ibẹ̀ yẹn, Elizabeth. Rọra gbé e, má jẹ́ kó ró nílẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ìwọ, jókòó tì wọ́n," ó sọ fún Bọ́lánlé, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ti ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.