Búlúù Ẹ̀ẹ̀mẹfà

Páálí ńlá kan ni àbúrò mi gbé wọlé lọ́jọ́ náà, ó gbá a mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ife bébà kéékèèké ló kún inú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń da kéèkì sí kí wọ́n tó yan án, funfun, etí wọn ká wọ́kọwọ̀kọ. Ṣọ́ọ̀bù kéèkì kan tó ń kógbá sílé ló ti rà wọ́n ní gbàǹjo.

"Ẹgbẹ̀rún méjì ló wà níbẹ̀, Àǹtí mi," ló wí.

"Àwa tá à ń fọṣọ, kéèkì wo la fẹ́ yan?"

"Òdòdó ni mo fẹ́ fi ṣe."

Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Májùúnù ni Màmá sọ ọ́ láti kékeré, orúkọ náà sì rò ó. Bébà tí wọ́n fi di ẹ̀bùn, káàdì ìkíni tó ti gbó, páálí tó wà láàárín tíṣù, kò sí èyí tó jẹ́ ká jù nù rí. Bó o bá fẹ́ wọ yàrá rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ lo máa fi wọlé. Òun ni àbíkẹ́yìn, èmi ni àkọ́bí, èmi ló sì ń ṣàkóso ìsọ̀ láti ìgbà tí ojú Màmá ti di wàhálà.

Alágbàfọ̀ ni wá. Màmá ló dá ìsọ̀ náà sílẹ̀, ó lé ní ogójì ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ náà la sì ń gbé. Funfun ni Màmá fi lókìkí. Bí a bá ti fọ aṣọ funfun tán, a óò di búlúù tó ń lé pípọ́n kúrò lára aṣọ sínú àkísà, a óò tẹ̀ ẹ́ bọ omi tí a fẹ́ fi ṣan aṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, aṣọ á ṣì pọ́n. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹrin, aṣọ oníbàárà ti di ojú ọ̀run nìyẹn. Ẹni tó bá ṣi búlúù kà lọ́dọ̀ Màmá, àkísà tútù ni yóò gbọ́ lẹ́yìn ọrùn. Ó ti bà mí rí, ó sì ti ba Májùúnù náà.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dá aṣọ padà fún wa. Á gbé ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ tónítóní sókè, á ní, "Èyí ò mọ́. Ó pọ́n bí omi tíì." A ó tún un fọ̀, á tún dá a padà. Lọ́jọ́ kan, mo fara ya níṣojú àwọn oníbàárà. Mo ní, "Màmá, ogbó ti dé, ẹ jẹ́ ká rímú mí!"  Màmá rọra gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà kalẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Ojú ni, àwa ò mọ̀. Dókítà ojú ló sọ fún wa pé nǹkan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, pé bí ìgbà téèyàn ń wo ìta láti inú fèrèsé tó dọ̀tí ni, gbogbo funfun a máa pọ́n lójú rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sin funfun kò rí funfun mọ́, èmi ọmọ rẹ̀ sì ń bú u. Títí dòní, bí mo bá rántí, ara mi a máa bù máṣọ.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún lọ́dún tó kọjá, kò bọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì náà lọ́sibítù, Màmá yí orí síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni?" Ọ̀sán gangan ni. 

Ó wá ku ti òsì. Òun nìkan ló kù, bí kò bá sì ríran, ó parí nìyẹn. Màmá gbà láti ṣe é, àmọ́ ó ní òun ò ní la ojú òun lọ́sibítù mọ́ láé.

"Yàrá mi ni mo ti fẹ́ là á," ló sọ fún dókítà. "Bó bá jẹ́ òkùnkùn ni, kó jẹ́ òkùnkùn ilé mi."

Dókítà bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u. Wọ́n fẹnu kò pé bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ náà lónìí, nọ́ọ̀sì yóò mú un wálé láàárọ̀ ọ̀la, yóò sì tú báńdéèjì lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìdí nìyí tí Májùúnù fi gbé páálí wọlé.

"Ó di ọdún méjì tí Màmá ti rí funfun gbẹ̀yìn," ló wí. "Funfun ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ rí. Kó kún òkè yàrá, kó kún ara ògiri."

"Bí kò bá wá rí nǹkan kan ńkọ́?"

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bọ́ lẹ́nu mi ni mo fẹ́ gbé e mì padà, ẹyin lohùn. Omi lé ròrò sójú àbúrò mi, síbẹ̀ ó ń ya àwọn ife náà sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ìbínú sì ni ẹ̀rù tèmi máa ń dà. Mo fa àga, mo jókòó tì í.

Bí iṣẹ́ wa ṣe rí ló ṣe ṣe tirẹ̀. Ó po sítáàṣì díẹ̀ sínú abọ́, ó tẹ ife mẹ́ta bọ̀ ọ́. Bébà tí òróró kéèkì kì í là kọjá kì í tètè rọ nínú omi. Ó fẹ́ wọn, ó fi ẹnu áyọ́ọ̀nù kékeré tí a fi ń lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tẹ etí wọn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n gan. Ó to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ara wọn, ó wá ṣí agolo bọ́tìnnì. Agolo yẹn dàgbà ju òun lọ. Gbogbo bọ́tìnnì tó já lára aṣọ oníbàárà tí a ò mọ olúwa rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó rán ọ̀kan mọ́ àárín, ó fi òwú gbé e kọ́ ara háńgà, ó sì gbé háńgà kọ́ ojú fèrèsé.

Oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá. Òdòdó ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìlà kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ yọ, ó ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ó ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo ti fi ọwọ́ mi lọ aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún, n kò mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù lè bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. 

"Ó dáa?" Májùúnù bi mí.

"Po sítáàṣì sí i," ni mo wí.

A gbé bàsíà tó tóbi jù lọ kalẹ̀, mo sì lọ to àwọn tábìlì sábẹ́ fáànù nígbà tí àbúrò mi ń po sítáàṣì. Màmá ti wà lọ́sibítù nígbà yẹn, ọ̀sán ti pọ́n. Oníbàárà kan kan ilẹ̀kùn níwájú, àbúrò mi sáré lọ dá a lóhùn. Mo padà dé ìdí bàsíà, mo rí àkísà búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò ó pé ọmọ yìí ti gbàgbé, mo tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Sítáàṣì funfun bí wàrà, kò jẹ́ kí n rí nǹkan kan. Nígbà tó dé, kò bi mí, èmi náà ò bi í. A ti gbogbo ife tó kù bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a sì tẹ́ wọn sórí àwọn tábìlì lábẹ́ fáànù.

Ìgbà tí wọ́n ń gbẹ la tó rí i. Búlúù! Kì í ṣe èyí tó rọra yọjú o, búlúù gidi ni, àyàfi òdòdó kan ṣoṣo tó wà lójú fèrèsé.

"Ṣé o ti ka búlúù kí n tó dé ìdí bàsíà ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta," ló wí.

"Yéè! Èmi náà, ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ṣọ́ọ̀bù kéèkì ti kógbá sílé, kò sí ibòmíì tá a ti lè rí òmíràn. Èmi tí mo máa ń pariwo, n kò pariwo lọ́jọ́ yẹn. Mo ki áyọ́ọ̀nù bọ iná. Mo ní, "Dìde. A ò lè fi ògiri lásán pàdé Màmá."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí mo ṣí fèrèsé yàrá náà, n kò lè wọlé tààrà. Òdòdó tó lé ní ẹgbẹ̀ta ló rọ̀ láti òkè, háńgà tó kún ìsọ̀ ti tán pátápátá. Ojú ọ̀run ti wọ inú yàrá Màmá. Orí mi wú. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé, ó lẹ́wà o, àmọ́ kì í ṣe funfun.

Nọ́ọ̀sì mú Màmá wọlé, ó gbé e jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tú báńdéèjì.

"Màmá, ẹ rọra la ojú yín. Ẹ má kánjú."

Ìpéǹpéjú náà gbọ̀n, ó là. Omi ṣàn jáde.  Màmá yí orí síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, bó ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ lọ́dún tó kọjá. Májùúnù di ọwọ́ mi mú títí ó fi ń dùn mí. Mo kúnlẹ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì, mo ń retí pé yóò béèrè bóyá wọ́n ti mú iná lọ.

Màmá fajú ro.

"Ta ló ka búlúù yìí?"

Èmi àti Májùúnù wo ara wa.

"Mo ní ta ló kà á? Ẹ̀ẹ̀mẹta kọ́ nìyí, ẹ̀ẹ̀mẹrin kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ tẹ eléyìí! Ṣé ẹ fẹ́ lé oníbàárà mi lọ ni?"

Májùúnù bú sẹ́rìn-ín, èmi bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì ń wò wá bí ẹni tí ilé yìí kò yé. "Èmi ni, Màmá," ni mo wí. "Èmi náà ni. Ẹ bú mi dáadáa."

Ṣùgbọ́n Màmá ò bú mi mọ́. Ó na ọwọ́ sókè, ó fi ìka kan kan òdòdó tó sún mọ́ ọn jù, ó ń wò ó bó ṣe ń yí. "Ṣé bí búlúù ṣe rí nìyí tẹ́lẹ̀?" ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mo ti gbàgbé. Mo ti gbàgbé o, ẹ̀yin ọmọ mi."

Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí mi.  Ó fa ìborí mi kúrò.

"Irun rẹ ti funfun."

"Ó ti pẹ́, Màmá."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Ó mú díẹ̀ nínú irun náà sáàárín ìka méjì, ó ń fọwọ́ ra á bó ṣe máa ń ra ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kó tó gbà pé ó mọ́. Mo rántí ṣẹ́ẹ̀tì tó gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bú u, mo sì di ojú mi.

"Èyí mọ́," ni Màmá wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta péré."