Ẹ̀jẹ́ Ìyá Àkànjí, Ẹsẹ̀ Felicia

Ẹ̀rù ibi gíga máa ń ba Felicia, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá àwàdà. Nígbà tí ọ̀gá tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ aránṣọ kó ṣọ́ọ̀bù lọ sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìyànà-Ìbà, ńṣe ni Felicia gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ sẹ́bàá títì, ó ní ilẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àkànjí, ìyá ọkọ rẹ̀, fi ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́! Lọ́dún 1988, kí Àkànjí tó mú ìyàwó wálé rárá, màmá yìí dìde láàárín ìjọ aláṣọ funfun wọn ní Òkokomáíkò. Ó ní bí Olúwa bá fún ọmọ òun ní aya rere, òun àti aya náà yóò jọ gun àpáta àdúrà kan tó wà lẹ́yìn Abẹ́òkúta láti dúpẹ́. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ta ni wọn ìbá bi léèrè? Ìyàwó kò tíì dé.

Ìyàwó dé tán, ó di dandan. Felicia mọ̀ pé bí òun bá kọ̀, òun ti ba ẹ̀jẹ́ jẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ilé kan náà ni òun àti màmá ń gbé. Àtìgbà tó ti wọlé, kò tíì sí ọ̀rọ̀ kan láàárín àwọn méjèèjì ju “ṣe tibí, gbé tọ̀hún” lọ. Ó bá ìjọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Abẹ́òkúta.

Wọn kì í wọ bàtà sí sùtánà nínú ìjọ wọn, nítorí náà ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi gun àpáta. Àwọn ọkùnrin ṣáájú, àwọn obìnrin tẹ̀lé wọn, orin ń lọ. Ìyá Àkànjí ní òun á wà lẹ́yìn pátápátá, kí òun lè máa ṣọ́ ìyàwó òun.

Ní ìdajì ọ̀nà, àpáta náà dúró ṣánṣán bí ògiri. Felicia lẹ̀ mọ́ ọn, ó di ojú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbéra mọ́.

“Màmá, ẹ dárí jì mí. N ò lè lọ mọ́.”

Ó ń retí ìbáwí. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ojú kan wo ìsàlẹ̀, Ìyá Àkànjí ló rí, tí òun náà kúnlẹ̀ rọ̀ mọ́ òkúta.

“Ìyàwó, rọra sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. N ò gun àpáta rí láyé mi. Mo ṣebí irú òkè tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ sí ni!”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Felicia láìrò tẹ́lẹ̀. Ẹnu òfòrò ló ń pa òfòrò lóòótọ́! Màmá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù wọn sì dín kù.

“Má sọ fún ẹnikẹ́ni o.”

“N ò ní sọ, Màmá.”

Wọ́n tú àmùrè ìdí wọn, wọ́n so méjèèjì pọ̀. Felicia so etí kan mọ́ ìbàdí, màmá wé ìkejì mọ́ ọrùn ọwọ́.

“Màmá, bí ẹ bá yọ̀, ẹ ó fà mí lọ.”

“Bí ìwọ náà bá yọ̀, orí mi lo máa bọ́ lé. Ká yáa má yọ̀.”

Láti ìsàlẹ̀, màmá ń fi ọwọ́ di ẹsẹ̀ Felicia mú, ó ń gbé e sínú ihò òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Felicia kò wo ilẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló gbà gbọ́. Bó bá ti ríbi jókòó, á fi ẹsẹ̀ ti òkúta, á fa màmá gòkè. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Lókè, wòlíì pe Ìyá Àkànjí pé kó wá jẹ́rìí. Felicia tẹrí ba, ó ti múra láti gbọ́ fáàrí, kó sì pa ẹnu mọ́.

“Ẹ̀yin ará,” ni màmá wí, “ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Èmi ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́, ọmọ yìí ló fà mí dókè.”

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Inú Felicia dùn débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó tó àkókò láti sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Àkànjí na ọwọ́ sí i lójú gbogbo wọn.

“Ọmọ mi, ó yá, ṣáájú. Ibi tí o bá tẹ̀ ni n ó tẹ̀.”